Ọkọ̀ Tòkunbọ̀ Olówó Ńlá Tó Ń Mu Dísù: Ẹ Ṣírò Owó Àtúnṣe Kí Ẹ Tó Rà Á

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Kuje, Gwagwalada, Kwali, Abaji àti gbogbo agbègbè Àbújá, ẹ̀yin tí ẹ fi ilé sílẹ̀ wá oúnjẹ òòjọ́ wá síbí, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Nínú ọ̀rọ̀ tòní, èmi tí mo jẹ́ olórí yín ni mo jìn sí kòtò, ẹ̀yin sì ni ará yòókù. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tòkunbọ̀ olówó ńlá, pàápàá èyí tó ń mu epo dísù, ni mo mú wá. Ẹnìkan lè ní kí ló kan olórí ẹgbẹ́ nínú ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì. Ó kàn mí gan-an, nítorí pé owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa wà nínú rẹ̀. Owó tí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ àti bàbá télọ̀ ń tu jọ díẹ̀díẹ̀ ló ń bọ́ sínú ẹ́ńjìnnì tí kì í mú kọ́bọ̀ padà wálé.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ mú un. Ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú, ló sọ pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, àwọn ilé epo NNPC ní Àbújá ti gbé lítà kan kúrò ní nǹkan bíi ₦195 sí ₦537. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, ó ti di ₦617. Epo dísù ní tirẹ̀ kò sí lábẹ́ owó ìrànwọ́ yẹn. Ó ti wọ́n tẹ́lẹ̀, látìgbà tí ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine ti bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2022. Nígbà tí bẹntiróòlù wá ń fò lọ bá a, àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì kò tó nǹkan mọ́. Ibẹ̀ làwa kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọgbọ́n pé, ó ṣe tán, ẹ́ńjìnnì dísù kì í mu epo púpọ̀, ẹ jẹ́ ká lọ ra ọkọ̀ dísù.

Kí n má parọ́, ọ̀rọ̀ epo nìkan kọ́. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé olórí Yorùbá kò gbọdọ̀ máa gun ọ̀kadà lọ sí ìpàdé ní Area Council, kí àwọn olórí ẹ̀yà mìíràn máa sọ̀ kalẹ̀ nínú jíìpù. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, mo ra ọkọ̀ ilẹ̀ Jámánì kan tó ti lo ọdún mẹ́rìndínlógún, onísílíńdà mẹ́fà, aláwọ lórí àga, èyí tí ọmọdé máa ń dúró wò bó bá ń kọjá. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, nítorí kì í ṣe ẹjọ́ wọn ni mo wá rò. ₦4,200,000 ni mo san. Nínú rẹ̀, mílíọ̀nù kan àbọ̀ jẹ́ owó tí mo yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù.

Ẹ wo bí owó ṣe lọ. Ní oṣù kẹwàá, ọkọ̀ kọ̀, kò ṣíná láàárọ̀. Pùlọ́ọ̀gì tó ń mú ẹ́ńjìnnì dísù gbóná ló ti kú. Mẹ́fà ni wọ́n, ₦18,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, ₦108,000. Ní oṣù kejìlá, à ń lọ sílé fún ọdún, mo ra dísù lẹ́bàá ọ̀nà, a kọjá Abaji díẹ̀, ọkọ̀ kú. Omi ló wà nínú dísù náà. Ọkọ̀ tó wọ́ mi padà sí Kuje gba ₦130,000, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé láìsí mi. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, mo pààrọ̀ ínjẹ́kítọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní nósù. Bẹ́líjíọ̀mù ni o, kì í ṣe tuntun. ₦110,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, ₦660,000. Ní oṣù karùn-ún, tọ́bò lọ, ₦520,000. Ní oṣù kẹjọ, ṣọ́ọ̀kù iwájú tó ń lo atẹ́gùn, ₦330,000.

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦1,748,000. N kò ka ọ́ọ̀lì, táyà, bátìrì àti owó àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà yẹ ọkọ̀ wò. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n ní pọ́ǹpù dísù ti ń kú lọ, kí n lọ mú ₦900,000 wá. Ibẹ̀ ni mo ti sọ pé ó tó. Mo ta ọkọ̀ náà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 ní ₦2,800,000. Ẹ ṣírò rẹ̀ dáadáa: ₦3,148,000 ló wọlẹ̀ lọ láàárín oṣù mẹ́tàdínlógún.

Èyí tó dùn mí jù kì í ṣe owó tèmi. Oṣù méjìlá ló yẹ kí n fi dá owó ẹgbẹ́ padà. Nígbà tí oṣù méjìlá pé, ìdajì ni mo ṣì san. Lásìkò yẹn gan-an ni ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ lọ́jà Kuje wá yá ₦200,000, kó lè fi san owó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Akápò ní kò sí owó nílẹ̀. Ìyá náà pàdánù ṣọ́ọ̀bù, ó gbé igbá rẹ̀ bọ́ sábẹ́ agboòrùn lẹ́bàá títì. Kò bú mi rárá. Àràárọ̀ tí mo bá kọjá ló ń kí mi pé, "Ẹ kú iṣẹ́, bàbá wa." Ìkíni yẹn wúwo lọ́kàn mi ju èébú lọ.

Mo ti wá jókòó bi àwọn tó mọ̀ ọ́n léèrè, mo sì ti ka ìwé ìròyìn. Kì í ṣe orí burúkú ló bá mi jà. Ó nídìí.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé a ń fi orúkọ dísù àtijọ́ ra dísù tuntun. Mercedes 260 D, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1936, wà lára àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó kọ́kọ́ ń lo dísù lágbàáyé. Àwọn tó tẹ̀ lé e, irú 240 D, dà bí akọ irin. Onítakisí kan ní ilẹ̀ Gíríìsì, Gregorios Sachinidis, fi 240 D ọdún 1976 rin mílíọ̀nù mẹ́rin àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta kìlómítà kó tó gbé e fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Mercedes ní ọdún 2004. Lọ́dọ̀ tiwa náà, ta ni kò mọ lórì 911? Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, mẹkáníìkì á tú u sílẹ̀ lábẹ́ igi, á fi sípánà dì í padà, á sì ṣiṣẹ́. Òkìkí yẹn ló wà lọ́kàn wa nígbà tí a bá gbọ́ "ọkọ̀ dísù".

Àmọ́ láti ọdún 1997 ni nǹkan ti yí padà. Ọdún yẹn ni Mercedes àti Alfa Romeo bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí pọ́ǹpù kan ṣoṣo ń ti dísù sínú páìpù kan, tí páìpù náà ń pín in fún gbogbo nósù, tí kọ̀ǹpútà sì ń pàṣẹ ìgbà tí nósù máa ṣí. Ẹ jẹ́ kí n fi táyà ṣàlàyé agbára tó wà nínú páìpù yẹn. Bí fọgannáísà bá ń fa atẹ́gùn sí táyà ọkọ̀ yín, ó máa ń dúró ní bíi 30 tàbí 35 lórí géèjì rẹ̀. Bí a bá fi géèjì kan náà wọn páìpù dísù yìí, ó lè kọjá 20,000. Ihò ẹnu nósù náà kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ẹ̀kán omi tàbí eruku díẹ̀ tó bá wọ ibẹ̀, wàhálà dé. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ lè gbé omi díẹ̀ mì, á kàn kọ́, á sì máa lọ. Ti òde òní kò ní gbà.

Ohun kejì ni epo fúnra rẹ̀. Inú dísù ni imí ọjọ́ máa ń wà. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, láti ọdún 2009, òfin kò gbà ju 10 lọ nínú mílíọ̀nù kan ìdá epo. Ní Nàìjíríà, iye tí òfin gbà tẹ́lẹ̀ tó 3,000. Ní oṣù kejìlá ọdún 2016, níbí ní Àbújá, Nàìjíríà, Benin, Tógò, Gánà àti Côte d'Ivoire fẹnu kò pé àwọn máa mú un wá sí 50. Ní ọdún 2020, ECOWAS sọ ọ́ di ti gbogbo ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ìpinnu dára, ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2024. Farouk Ahmed, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà àjọ NMDPRA nígbà náà, sọ pé dísù àwọn ilé ìfọpo abẹ́lé, tó fi mọ́ ti Dangote, ní imí ọjọ́ tó wà láàárín 650 sí 1,200. Dangote ní kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lójú àwọn aṣòfin ní ilé ìfọpo náà, wọ́n ní tiwọn jẹ́ 87.6, pé èyí tí wọ́n rà nílé epo, tó ti òkè òkun wá, ló kọjá 1,800. Kò sí nínú agbára mi láti dá ẹjọ́ àwọn àgbà yẹn. Ohun tí mo rí fà yọ ni pé nínú àwọn iye tí wọ́n ní wọ́n rí nínú dísù nígbà náà, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ 10. Bẹ́ẹ̀, 10 ni wọ́n ṣe púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ dísù òde òní fún.

Kí ni imí ọjọ́ ń ṣe? Ó ń sọ ọ́ọ̀lì ẹ́ńjìnnì di kíkan, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń lo dísù wa fi gbọ́dọ̀ máa tètè pààrọ̀ ọ́ọ̀lì, kó má dúró de iye kìlómítà tí ìwé ọkọ̀ kọ. Ó tún ń dí asẹ́ tó wà nínú sàlẹ́ńsà, èyí tó ń gba dúdú èéfín. Asẹ́ yìí máa ń fẹ́ kí ọkọ̀ sáré fún ìgbà pípẹ́, kí ó gbóná, kí ó lè jó ìdọ̀tí inú rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ń rá pálá lójoojúmọ́ láti Kuje dé ìgboro nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ kì í rí ààyè ṣe bẹ́ẹ̀. Tí asẹ́ bá dí, èéfín á padà sẹ́yìn, ooru á mú tọ́bò, agbára ọkọ̀ á dínkù, iná pupa á tàn. Àwọn mẹkáníìkì wa máa ń gé asẹ́ náà jù nù. Ọkọ̀ á tún sáré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà á máa pariwo tí wọn kò bá tún inú rẹ̀ kọ, èéfín dúdú á sì máa wọ imú ọmọ ẹni tó ń rìn lẹ́bàá títì.

Ohun kẹta ni iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ̀yà kan lè má wọ́n, kí ibi tí wọ́n fi í sí wọ́n. Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì dísù onísílíńdà mẹ́fà tí Mercedes ń pè ní OM642 yẹ̀ wò, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi sínú ọkọ̀ wọn ní ọdún 2005. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n sí ẹ́ńjìnnì tó lágbára. Ṣùgbọ́n ó ní rọ́bà kékeré méjì lábẹ́ ohun tó ń mú ọ́ọ̀lì tutù, ní àárín gbùngbùn ẹ́ńjìnnì, lábẹ́ tọ́bò. Tí rọ́bà yẹn bá gbó, ọ́ọ̀lì á máa jò. Owó rọ́bà kò tó nǹkan. Àmọ́ kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀, wọ́n á tú tọ́bò àti gbogbo ohun tó bo orí ẹ́ńjìnnì kúrò. Ẹni tí kò bá ṣe irú rẹ̀ rí, tó bá tú mẹ́wàá, ó lè dì mẹ́sàn-án. Ọmọ wa tó mọ Corolla tú lójú oorun lè má ní kọ̀ǹpútà tó ń bá irú ọkọ̀ yìí sọ̀rọ̀. Ẹ óò gbé e lọ sí Apo, ẹ óò sì san owó Apo.

Ohun kẹrin ni náírà. Ọjọ́ 14, oṣù kẹfà, ọdún 2023 ni Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ kó máa bá ọjà lọ. Kí ó tó di ìgbà yẹn, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bíi ₦750 lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ńjì ní Wuse Zone 4. Ní ọdún 2024, ó kọjá ₦1,500. Ẹ jẹ́ ká ní nósù tuntun kan jẹ́ 300 dọ́là lókè òkun. ₦225,000 ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó di ₦450,000, kí oníṣòwò tó gbé èrè tirẹ̀ lé e. Mẹ́fà ni ọkọ̀ ń lò. Ẹ̀yà Corolla ń gbówó lórí bákan náà, ṣùgbọ́n ọjà kún fún Bẹ́líjíọ̀mù rẹ̀ láti Ládípọ̀ dé Apo, ẹ ó sì rí èyí tí apá yín ká. Ọkọ̀ dísù olówó ńlá kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá ní ẹ̀yà rẹ̀ lọ́wọ́ ló ń dá iye lé e.

Ẹnìkan á ní, "Ṣùgbọ́n ẹ jèrè lórí epo." Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ìrìn àjò sílé jẹ́ 600 kìlómítà. Ọkọ̀ ńlá tó ń mu bẹntiróòlù lè mu lítà 66, ti dísù lè mu 45. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ilé epo NNPC ní Àbújá ń ta bẹntiróòlù ní ₦1,030. Iye yẹn jẹ́ ₦67,980. Ká fi dísù sí ₦1,300, ó jẹ́ ₦58,500. Èrè rẹ̀ kò pé ₦9,500. Nósù tuntun kan ṣoṣo tó jẹ́ ₦450,000 á gba ìrìn àjò sílé bíi mẹ́tàdínláàádọ́ta kí èrè yẹn tó lè san án. Ta ni nínú wa tó ń lọ sílé ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lọ́dún? Ètò gáàsì CNG tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2023 náà, ọkọ̀ bẹntiróòlù ni wọ́n ń yí sí i. Ẹ́ńjìnnì dísù kò ní pùlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná, kò rọrùn láti yí i bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tún wo ibi tí àwọn ọkọ̀ yìí ti ń wá. Àwa Yorùbá la fún wọn lórúkọ tí gbogbo Nàìjíríà ń pè wọ́n, tòkunbọ̀, bí ẹni pé ọmọ tó ti òkun bọ̀ ni wọ́n. Nígbà kan, Kútọnu ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà wọlé, kí ìjọba tó fòfin dè é láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017 pé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sí àyíká, UNEP, sọ ní ọdún 2020 pé mílíọ̀nù mẹ́rìnlá ọkọ̀ àlòkù ni àwọn orílẹ̀-èdè ńlá kó jáde láàárín ọdún 2015 sí 2018, tí púpọ̀ nínú wọn wá sí Áfíríkà. Ẹ má ṣe rò pé gbogbo wọn ni olówó wọn sú. Òmíràn dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Jámánì mọ iye tí nósù mẹ́fà àti asẹ́ tuntun máa ná òun. Bí owó àtúnṣe bá ti fẹ́ dọ́gba pẹ̀lú owó ọkọ̀, á tà á. Àwa la wá ń san owó àtúnṣe tí òun sá fún, tí a sì ń fi náírà san án.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ra ọkọ̀ tó wù ú. Ẹni tí owó rẹ̀ gbé e, kó rà á, kó gbádùn rẹ̀. Àmọ́ ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa ti jókòó, a sì ti fẹnu kò lórí nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ kò ní yá ẹnikẹ́ni lówó ọkọ̀ mọ́ àfi ọkọ̀ tó máa ṣiṣẹ́ mú owó wálé. Òfin náà ti orí èmi olórí bẹ̀rẹ̀. Ìkejì, ẹni tó bá fẹ́ yá owó ọkọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mú mẹkáníìkì àti ẹni tó ní kọ̀ǹpútà lọ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó sanwó. Kí ẹ ṣí ẹ́ńjìnnì láàárọ̀ kùtùkùtù nígbà tó tutù, torí ọ̀pọ̀ oníṣòwò á ti mú un gbóná sílẹ̀ kí ẹ tó dé. Ìkẹta, kí ẹni náà fi hàn wá pé òun ní owó àtúnṣe nílẹ̀. Èmi ná iye tó lé ní ìdá méjì nínú márùn-ún owó tí mo fi ra ọkọ̀, láàárín oṣù mẹ́tàdínlógún péré. Ẹni tí kò bá ní irú owó bẹ́ẹ̀ nípamọ́, ọkọ̀ náà kò tíì tó o rà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ní ọkọ̀ dísù lọ́wọ́, ẹ má bọkàn jẹ́. Ẹ máa ra epo níbi tí èrò pọ̀ sí, tí epo kì í pẹ́ nílẹ̀. Ẹ yẹra fún dísù inú jálá lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ tètè máa pààrọ̀ asẹ́ dísù àti ọ́ọ̀lì. Owó asẹ́ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó nósù.

Ọ̀dọ̀ ìjọba náà, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Ìpinnu ọdún 2016 yẹn, Àbújá ni wọ́n ti ṣe é. Kí àjọ tó ń ṣọ́ epo máa wá sí àwọn ilé epo Kuje, Gwagwalada àti Abaji láti yẹ dísù wò, kí wọ́n sì lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ara pọ́ǹpù kí aráàlú rí i. Àìsí ìyẹn ló ń sọ ẹni tó ń ra epo di ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́.

Mo san gbèsè ẹgbẹ́ tán ní ọ̀sẹ̀ tí mo ta ọkọ̀ náà. Ní oṣù kejì ọdún 2025, ìyá ẹlẹ́lùbọ́ rí ₦200,000 rẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti gba ṣọ́ọ̀bù náà. Abẹ́ agboòrùn ló ṣì wà, a sì ń bá a wá òmíràn. Èmi náà ti padà sórí ọ̀kadà. Mo gùn ún lọ sí Area Council, mo rí i pé àga tí wọ́n ń gbé fún mi níbẹ̀ kò yí padà.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká kó owó wa sí ibi tí kò ní padà wálé. Á jẹ́ ká lọ ire, ká bọ̀ ire. Àṣẹ.